Irùngbọ̀n Ìyá Aránṣọ

Nígbà tí Ìyá Aránṣọ wọ ilé ìtọ́jú awọ ara lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó wá àga tó kángun sí ògiri, ó jókòó, ó gbé báàgì lé itan, ó sì fa síkáàfù tó so mọ́ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ kó le sí i. Àwọn tó wà níbẹ̀ rò pé eyín ló ń dùn ún. Ẹni tó ń gba àlejò bi í pé ta ló fẹ́ rí.

Ó ní, "Ìyàwó ọmọ mi ni. Ẹ má wulẹ̀ pariwo orúkọ mi. Ẹ sáà sọ fún un pé ìyá ọkọ rẹ̀ wà níta."

Iṣẹ́ tí wọ́n rán sí ìyàwó yìí nínú yàrá mú kí àyà rẹ̀ já. Láti ìgbà tó ti wọ ilé ọkọ, ìyá ọkọ rẹ̀ kò fẹsẹ̀ tẹ ibi iṣẹ́ rẹ̀ rí. Àwọn ará àdúgbò ń pe ìyàwó náà ní Oníná, nítorí pé iná lésà ló fi ń ṣiṣẹ́. Ìmọ́lẹ̀ kan ni, tó ń gba inú awọ kọjá láìdá ojú ọgbẹ́ sí i, tó ń wá dúdú tó wà nídìí irun lọ, tó sì ń mú un gbóná títí ìdí irun náà á fi kú. Wọ́n tún ń fi pa àpá àti àbàwọ́n ojú rẹ́. Èèyàn á dùbúlẹ̀, Oníná á wọ awò rẹ̀, á tẹ pẹ́dà, ìmọ́lẹ̀ á kọ wàà, á tún kọ wàà, bẹ́ẹ̀ ni títí tí iṣẹ́ á fi parí.

Ìyá Aránṣọ kò ka iṣẹ́ yìí sí iṣẹ́. Ó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé, "Ilé ẹlòmíì, wọ́n ń bu omi pa iná tó ń jó èèyàn. Ìyàwó tèmi, òun ló ń tàn án sí wọn lójú." Ẹ̀rín ni gbogbo wọn á rín. Oníná náà á rẹ́rìn-ín bó bá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í tètè kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ìyá Aránṣọ kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹnu rẹ̀ ló mú bí sísọ́ọ̀sì. Láti kékeré ló ti ń ránṣọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ ló fi tọ́ ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ ṣaláìsí. Yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọléèwé àti ti àwọn nọ́ọ̀sì ló ń rán jù. Bó bá rán kọ́là, ó máa ń dúró ṣánṣán, ẹ óò rò pé wọ́n fi páálí sínú rẹ̀. Kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe é láàánú. Bí àìsàn bá dá a dùbúlẹ̀, á ti ilẹ̀kùn pa, á ní òun rìnrìn àjò.

Oníná jáde wá, ó kúnlẹ̀ kí i. "Ẹ káàsán, Màmá. Ṣé kò sí nǹkan? Ṣé ara yín le?"

"Ara mi le. Níbo la ti lè sọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́?"

Oníná mú un wọ yàrá lésà. Aṣọ dúdú ni wọ́n fi bo fèrèsé ibẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má baà jáde. Bẹ́ẹ̀dì gíga kan wà láàárín, ẹ̀rọ náà sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ga díẹ̀ ju fíríìjì kékeré lọ, okùn gígùn kan sì jáde lára rẹ̀ bí ọrùn. Ó ń kùn jẹ́jẹ́. Oníná ti ilẹ̀kùn, ó sì fa àga wá, ṣùgbọ́n Ìyá Aránṣọ kò jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú síkáàfù. Ìka tó máa ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láìwo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kò rí kókó síkáàfù tú. Oníná fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó fi ìgbọ̀nwọ́ tì í kúrò.

Nígbà tí síkáàfù tú, Oníná rí i. Irùngbọ̀n ni. Ó ti etí kan gba abẹ́ àgbọ̀n dé etí kejì, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá tó tún ti ń hù, dúdú púpọ̀, funfun díẹ̀ láàárín. Bíléèdì ti ya á níbi tó pọ̀. Àwọn kan ti gbẹ, àwọn kan ṣì pupa.

Ìyá Aránṣọ ní, "Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Bí o bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, rín in báyìí kó tán."

"Màmá, kí lẹ̀rín ń wá níbẹ̀?"

"Àràárọ̀ ni mò ń fá a. Kó tó di ọ̀sán, ó ti yọ padà. Bí mo bá ń wọn aṣọ fún èèyàn, ṣe ni mò ń yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí olè. Ó ti sú mi. Tan iná rẹ sí i."

Oníná tẹjú mọ́ ibi tí bíléèdì ti ya á. Ó bi í pé, "Ṣé Bàbá àwọn ọmọ mi mọ̀?"

"Ọkọ rẹ kò mọ̀, kò sì gbọdọ̀ mọ̀. Ìwọ nìkan ni mo sọ ọ́ fún. Ṣèlérí fún mi."

Oníná ṣèlérí. Kíá ló ṣe é, nítorí inú rẹ̀ dùn. Ìyá ọkọ tí kì í gba omi mu lọ́wọ́ rẹ̀ láìwo ìdí kọ́ọ̀pù ló fi àṣírí tó ń pa á lẹ́kún hàn án yìí. Lẹ́yìn náà ló wá rántí òfin ilé iṣẹ́ wọn, pé dókítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ẹni tuntun kí iná tó kàn án.

"Ẹ jẹ́ kí n pe Dókítà kó fojú kan yín, Màmá. Kò ní pẹ́."

"Mi ò wá rí dókítà. Ìwọ ni mo wá bá. Àṣírí tó bá ti dé etí ẹni kẹta ti di ti ìgboro."

"Màmá, òfin ni."

"Ó dáa. Jẹ́ kí n so síkáàfù mi."

Oníná wo ilẹ̀kùn. Dókítà ń bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀ ní yàrá kejì. Ó rò ó pé kí òun kàn dán an wò lójú ibì kan péré, lábẹ́ àgbọ̀n, níbi tó fara sin. Ta ló máa mọ̀? Àti pé bí ìyá yìí bá jáde báyìí, kò tún ní padà wá láyé. Ó ní, "Ẹ gorí bẹ́ẹ̀dì, Màmá."

Ó fi omi tútù nu àgbọ̀n náà, ó fi jẹ́ẹ̀lì sí i. Ó fi awò irin kékeré bo ojú ìyá ọkọ rẹ̀ méjèèjì, ó sì wọ tirẹ̀. Ó dín agbára iná kù, nítorí awọ dúdú máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì kó tó dé ìdí irun, ibẹ̀ ló sì ti máa ń jóná. Ó gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dà. Ẹ̀rọ náà ké pí, èyí ni pé ó ti ṣe tán. Ìyá Aránṣọ di etí bẹ́ẹ̀dì mú gírígírí.

Ibi tí Oníná ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti tan iná ni ojú rẹ̀ ti bá ohun mìíràn. Síkáàfù ti yẹ̀ kúrò lórí pátápátá. Irun tó wà ní ẹ̀bátí ìyá náà ti pá, ó ń sá sẹ́yìn bíi ti ọkùnrin. Ó wá rántí ohùn rẹ̀ pẹ̀lú. Ó ti pẹ́ tí ohùn náà ti wúwo, tí ọmọ rẹ̀ ní ọ̀fìnkìn ni.

"Màmá, ìgbà wo ni irun yìí bẹ̀rẹ̀?"

"Ọ̀kan, méjì ti wà tipẹ́, ẹ̀mú ni mo fi ń fà á. Èyí tó gba gbogbo àgbọ̀n yìí, kò tíì pé ọdún kan. Ó kàn dé bí igbó."

"Ohùn yín ńkọ́?"

"Àwọn oníbàárà ń pè mí ní sà lórí fóònù. Kí lo tún fẹ́ gbọ́? Tẹ nǹkan rẹ."

Ẹsẹ̀ Oníná ṣì wà lórí pẹ́dà. Ẹ̀rọ náà tún ké pí. Dókítà ti sọ ọ́ fún wọn rí, pé bí irùngbọ̀n bá sáré hù lójú àgbàlagbà obìnrin, tí ohùn rẹ̀ náà sì yí padà, kí wọ́n má fọwọ́ kan ojú, kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Ó ní irun yẹn lè jẹ́ àmì. Ẹni tó bá fi iná pa á rẹ́ ti pa àmì náà rẹ́ nìyẹn, ohun tó rán an wá á sì máa dàgbà lọ níbi tó wà.

Oníná gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ̀rọ náà sì dákẹ́.

"Màmá, ẹ má bínú. Mi ò lè tàn án lónìí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nǹkan kan nínú ara yín ló ń ti irun yìí jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Dókítà rí yín."

Ìyá Aránṣọ dìde jókòó, ó yọ awò irin kúrò lójú. Jẹ́ẹ̀lì ń kán sí i láyà. "Nǹkan bíi kí ni?"

"Mi ò mọ̀. Òun ló lè mọ̀."

"O ò mọ̀, o sì fẹ́ fi mí han ayé." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu àgbọ̀n rẹ̀. "Ojú tí mi ò jẹ́ kí ọmọ tí mo bí rí ni mo ṣí sílẹ̀ fún ọ. O wò ó tán, o wá ní o ò lè ṣe é."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá."

"Má sìn mí."

Ó so síkáàfù rẹ̀, ó sì jáde láìwẹ̀yìn.

Ọmọ Ìyá Aránṣọ, ọkọ Oníná, tó ń tún fíríìjì ṣe, yà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, bó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tó padà délé, ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ gbàmù.

"Kí lo ṣe fún Màmá?"

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní àwọn wá síbi iṣẹ́ rẹ, o sì dá àwọn padà. Kí ni wọ́n wá ṣe níbẹ̀?"

Oníná ń ká aṣọ àwọn ọmọ. Kò gbé ojú sókè. "Mi ò lè sọ."

"O ò lè sọ? Ìyá mi ni o."

"Ìyá yín náà ló ní kí n má sọ."

Ọkùnrin náà dúró wò ó, ó retí pé yóò fi nǹkan kún un. Nígbà tí kò fi nǹkan kan kún un, ó bọ́ sí yàrá. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ àárín wọn ò ju "Níbo ni ìbọ̀sẹ̀ ọmọ wà?" àti "Ṣé o ti ti géètì?" lọ. Àwọn ọmọ pàápàá dín eré kù.

Oníná ò mọ èyí tí yóò ṣe. Bó bá tú àṣírí náà, ó ti da ìlérí, ìyá náà kò sì ní gbà á gbọ́ mọ́ títí ayé. Bó bá pa á mọ́, bóyá ohun kan ń dàgbà nínú ìyá náà lójoojúmọ́ tí òun ń dákẹ́. Ó bi Dókítà láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Dókítà, obìnrin tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, sọ pé, "Ó lè má jẹ́ nǹkan ńlá. Ṣùgbọ́n èyí tó bá yára tó báyìí, a kì í fi ṣeré. Mú ẹni náà wá." Lẹ́yìn náà ló wá bi í pé, "Ṣé o tan iná sí i?"

"Rárá, Dókítà. Ó kù díẹ̀."

Dókítà mi orí, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Oníná pe ìyá ọkọ rẹ̀ lórí fóònù, ìyá náà kò gbé e. Nígbà tó ṣíwọ́, ó gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ. Ilẹ̀kùn wà ní títì, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún nínú. Ó kànkùn. Ẹ̀rọ náà dákẹ́. Ó dúró, ó tún kànkùn. Ó gbé ẹnu sún mọ́ ilẹ̀kùn.

"Màmá, èmi ni. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni o."

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Oníná padà sílé.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé ìyá ọkọ rẹ̀ ti ń wá iná tirẹ̀ níbòmíràn. Onídìrí kan wà ní òpópónà kejì, tó ra ẹ̀rọ iná kékeré kan tí wọ́n ń fi ọwọ́ dì mú, tó sì wo bí wọ́n ṣe ń lò ó nínú fídíò. Obìnrin náà kò béèrè nǹkan kan, ohun tó wu Ìyá Aránṣọ gan-an nìyẹn. Kò béèrè ìgbà tí irun bẹ̀rẹ̀, kò béèrè ohùn. Kò dán an wò níbì kan kó tó bẹ̀rẹ̀, kò sì fi nǹkan tútù sí i. Ó fa kọ́tìnì, ó gbé ẹ̀rọ lé àgbọ̀n rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Òórùn irun tó ń jó gba gbogbo ibẹ̀.

"Ó ń jó mi," ni Ìyá Aránṣọ wí.

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, Màmá. Ẹ fara dà á, ó ti ń parí."

Ìyá Aránṣọ fara dà á. Ohun tí ì bá ti mú un bínú níbikíbi mìíràn ni kò lè bínú sí níbẹ̀, nítorí ó ń tijú. Kó tó délé, àgbọ̀n rẹ̀ ti lé ròrò. Ó fi òróró ìpara sí i, ó so síkáàfù lé e. Ní àárọ̀, síkáàfù náà ti lẹ̀ mọ́ ọn. Kò lè fi bíléèdì kan ibẹ̀ mọ́, irun sì ń gba àárín egbò yọ jáde. Ibà gbé e dè. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun rìnrìn àjò.

Ibi iṣẹ́ ni Oníná wà nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ó gbọ́ ohùn wúwo náà.

"Ìyàwó. Wá. Má mú ọkọ rẹ dání."

Oníná gbàyè lọ́wọ́ Dókítà, ó kó báńdéèjì àti oògùn ojú egbò, ó sì sáré lọ. Ó bá ìyá ọkọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, síkáàfù lẹ̀ mọ́ ọn lágbọ̀n, ara rẹ̀ gbóná. Kò bi í ní nǹkan kan. Ó bu omi tó ti sè tó sì ti tutù, ó ń kán an díẹ̀díẹ̀ sára síkáàfù, ó ń ká a bí ẹní ń bó èèpo ẹyin tí kò fẹ́ kó fọ́. Ìyá Aránṣọ di aṣọ ìbora mú, kò gbin. Ojú egbò náà hàn nígbà tí gbogbo rẹ̀ ká tán.

"Ta ló ṣe èyí, Màmá?"

"Èmi ni. Èmi ni mo gbé ojú mi lọ bá a." Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ onídìrí. Bó ti sọ ọ́ tán, ó ní, "Sọ ohun tó wà nínú rẹ. Sọ pé mo lágídí."

"Ẹ lágídí, Màmá. Ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ìyá Aránṣọ, egbò sì já a jẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Omi gba ojú rẹ̀. Kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló fà á ni tàbí ìrora. Nígbà tí Oníná di egbò náà tán, ìyá náà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Kí ni dókítà yín yẹn máa ṣe fún mi?"

"Ó máa gba ẹ̀jẹ̀ yín yẹ̀wò. Ó máa ní kí wọ́n ya àwòrán inú yín."

"Bí wọ́n bá wá rí nǹkan ńkọ́?"

"Wọ́n á yọ ọ́. Àìsàn ló ṣeé wò, Màmá, kò sẹ́ni tó mọ ti ọlọ́jọ́."

Ìyá náà wo àjà. "Ṣé wàá wà níbẹ̀?"

"Mo máa wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ yín gbọ́dọ̀ mọ̀. Mi ò ní sọ fún un, ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́. Ilé wa ti tutù jù."

Ìyá Aránṣọ ronú pẹ́ kó tó sọ pé kí ó pè é.

Ọkọ Oníná dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́, òróró dúdú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí báńdéèjì, ó rò pé wọ́n fi ọ̀kadà gbá a ni. Ìyá rẹ̀ ní kó jókòó. Ó ní kí Oníná tú báńdéèjì náà díẹ̀, kí ọmọ òun rí i. Oníná tú u. Ọkùnrin náà wo irun, ó wo egbò, ó tún wo ojú ìyá rẹ̀. Ìyá Aránṣọ ń retí ohun tí ojú yẹn máa ṣe.

Ó kúrò lórí àga, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. "Màmá, ẹ̀yin nìkan lẹ ń dá èyí gbé láti ìgbà yìí wá?"

"Ta ni kí n gbé e fún?"

Ọkùnrin náà yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ojú sì tì í.

"Má wò ó bẹ́ẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí. "Èmi ni mo dè é lẹ́nu. Ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu ju ìwọ tí mo bí lọ."

Dókítà rí Ìyá Aránṣọ. Ó wo egbò, ó béèrè ìbéèrè tí Oníná ti béèrè, ó sì kọ ìwé fún wọn sí ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń ya àwòrán inú ń yí ẹ̀rọ rẹ̀ kiri ikùn ìyá náà, nígbà tó dé ibì kan, ó dúró, ó tún padà síbẹ̀. Oníná tó dúró nítòsí rí i pé ó dákẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń sọ tẹ́lẹ̀. Kókó kan ló wà ní ilé ẹyin rẹ̀, ọ̀tún. Òun ló ń tú omi ara tó ń sọ obìnrin di onírùngbọ̀n sínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n yọ ọ́ láìjáfara. Wọn kò lè sọ irú èyí tó jẹ́ títí wọn ó fi yọ ọ́.

Ní àárọ̀ iṣẹ́ abẹ náà, nọ́ọ̀sì kan wá sọ pé kí ìyá tú síkáàfù sílẹ̀. Ọwọ́ Ìyá Aránṣọ lọ sábẹ́ àgbọ̀n, ó sì dúró síbẹ̀. Yàrá náà kún. Oníná tọrọ àyè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó fa kọ́tìnì yí bẹ́ẹ̀dì po. Egbò ti jinná nígbà náà, àpá rẹ̀ ló kù. Ó mú sísọ́ọ̀sì kékeré jáde, ó rọra ń rẹ́ irun náà mọ́lẹ̀, ó ń yẹ ojú àpá sílẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ pa ojú dé.

"Bí mi ò bá jí," ni ó wí, "ìwọ ni kó wẹ̀ mí. Má jẹ́ kí ẹlòmíì wẹ̀ mí."

Oníná fẹ́ sọ pé kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ó rí i pé kì í ṣe èyí ni ìyá náà ń fẹ́ gbọ́. Ó ní, "Mo ti gbọ́, Màmá. Èmi ni."

Wọ́n tì í wọlé. Tọkọtaya náà jókòó síta lórí bẹ́ǹṣì. Fíríìjì kan wà ní kọ̀rọ̀ ibẹ̀ tó ń gbọ̀n, tó ń dákẹ́, tó tún ń gbọ̀n. Ọkọ Oníná kọ etí sí i. "Eléyìí máa kú láìpẹ́," ló wí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ tán ló gbọ́ ohun tó sọ. Ó fi ọwọ́ bo ojú. Oníná gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, kò sì gbé e kúrò títí tí oníṣẹ́ abẹ fi jáde wá. Ó ní wọ́n ti yọ ọ́, kò ju ẹyin ẹyẹlé lọ, ìyá ti jí, ó sì ń bá àwọn nọ́ọ̀sì jà pé kọ́là wọn kò gún. Kí wọ́n máa retí èsì àyẹ̀wò kókó náà.

Ìretí èsì náà le ju iṣẹ́ abẹ lọ. Gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún, ilé á parọ́rọ́. Nígbà tí èsì jáde, wọ́n ní kì í ṣe irú èyí tó ń ràn káàkiri ara, wọ́n sì ti yọ gbogbo rẹ̀. Ọkọ Oníná ka ìwé náà fún ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìyá ní kó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ògiri, ó sun oorun gidi.

Nígbà tí ara rẹ̀ mókun, ó ní kí Oníná sin òun dé òpópónà kejì. Oníná rò pé òwú ló fẹ́ rà. Ìgbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà onídìrí ló tó yé e.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká padà. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde."

Ìyá Aránṣọ wọlé. Àwọn obìnrin kún ibẹ̀, àwọn kan wà lábẹ́ ẹ̀rọ ìgbẹrun. Onídìrí rí i, ojú rẹ̀ yí padà. Ìyá náà dúró láàárín ilé, ó tú síkáàfù rẹ̀, ó gbé àgbọ̀n sókè kí gbogbo wọn rí irun, kí wọ́n sì rí àpá dúdú àti funfun tí iná náà dá sí i.

"Ìwọ lo ṣe èyí," ni Ìyá Aránṣọ wí, kò gbé ohùn sókè. "Mi ò bá ìjà wá. O ò bi mí ní nǹkan kan, èmi náà sì fẹ́ kí o má bi mí. Àwa méjèèjì la jọ jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n nǹkan yẹn, má fi kan ojú ẹnikẹ́ni mọ́."

Onídìrí dúró, ó ń wo ilẹ̀. Ó lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú ẹ̀rọ náà jáde, ó sì nà án sí Oníná. Obìnrin kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí fi ọwọ́ kan àgbọ̀n tirẹ̀, ó sì tètè sọ ọwọ́ náà kalẹ̀.

Lójú ọ̀nà, Ìyá Aránṣọ fi ọwọ́ lé èjìká Oníná. Kò so síkáàfù náà padà títí wọ́n fi délé.

Ìyá Aránṣọ ti ń wá sí ilé ìtọ́jú awọ ara báyìí, Dókítà sì ti fọwọ́ sí i. Oníná kọ́kọ́ dán iná wò lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, wọ́n dúró kí wọ́n rí ohun tí awọ náà máa sọ, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá náà ní ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń fi rọ́bà tín-ín-rín ta òun. Irun dúdú ń já bọ́, wọn kò sì yára hù mọ́, nítorí ohun tó ń rán wọn wá ti kúrò. Àwọn funfun kò gbọ́ ti iná, nítorí dúdú ni iná ń wá. Àwọn yẹn ni Oníná ń fi ẹ̀mú fà lọ́kọ̀ọ̀kan bí iṣẹ́ lésà bá ti parí. Ohùn kò padà, àpá iná náà kò sì tíì parẹ́ tán. Dókítà ní ó lè má parẹ́ tán. Nígbà míì, bí wọ́n bá ń ṣe èyí lọ́wọ́, ìyá náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ tó ti kú, ohun tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ rí, Oníná á sì máa fa irun funfun lọ, kò ní yára.